Férémù Kẹ̀kẹ́ Ológeere: Èyí Tó Ń Pẹ́, Èyí Tó Ṣeé Tún Ṣe, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí bàbá bàbá mi fi ń lọ oko lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn ní àpá mẹ́ta lára. Ọ̀kan wà lábẹ́ ọrùn férémù, ọ̀kan wà nítòsí ibi tí wíìlì ẹ̀yìn ti ń wọlé, ẹ̀kẹta wà lórí ọ̀pá òkè níbi tí wọ́n máa ń di àpò gbágùúdá mọ́. Bí ẹ bá ha ọ̀dà kúrò lójú àpá wọ̀nyẹn, wọn a máa dán bí òrùka, nítorí idẹ ni wọ́n fi jó wọn. Títí di òní, táyà tuntun nìkan ni kẹ̀kẹ́ náà ń fẹ́ kó tó gbéra.

Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ wá ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ alumíníọ̀mù ní Ìbàdàn. Ó fúyẹ́, ó dán, ó wù mí. Láàárín ọdún kan àbọ̀, ó sán lábẹ́ ìjókòó. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan, ó jó o, iṣẹ́ náà sì mọ́ lójú. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi dá sí méjì lábẹ́ mi. Ojú ibi tí wọ́n jó kò ṣe nǹkan kan o. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìwọ̀n ìbú ìka kan, ló ti dá. Ẹ̀bá títì ni mo ṣubú sí, èjìká mi ló sì fara gbá a. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ti dá. Màá ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fara pa lọ́nà kan náà.

Látìgbà yẹn, bí ẹnìkan bá bi mí pé férémù wo ló le jù, ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi ń dá a lóhùn. Ọ̀nà wo ni eléyìí yóò gbà bàjẹ́? Ṣé yóò kìlọ̀ kó tó bàjẹ́? Ta ni nítòsí rẹ tó ní iná àti ọwọ́ tó lè tún un ṣe?

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ. Ọrùn ni ihò gbọọrọ iwájú tí fọ́ọ̀kì gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀pá òkè ti ọrùn lọ sábẹ́ ìjókòó. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti ọrùn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé pẹ́dàlì. Ọ̀pá àárín dúró láàárín wọn, inú rẹ̀ ni ọ̀pá ìjókòó ń wọ̀. Lẹ́yìn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló di wíìlì mú: méjì òkè ni mo máa pè ní apá ẹ̀yìn, méjì ìsàlẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é

Ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má sì gbára lé ọ̀dà. Ẹ wá òòfà. Èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gbé e lé gbogbo ọ̀pá férémù, kí ẹ sì gbé e lé fọ́ọ̀kì pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ló ní férémù alumíníọ̀mù pẹ̀lú fọ́ọ̀kì irin. Níbi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bí kò bá lẹ̀, alumíníọ̀mù ló sábà máa ń jẹ́, ó sì lè jẹ́ kábọ́ọ̀nù tàbí titáníọ̀mù.

Lẹ́yìn òòfà, ẹ lo ojú. Ọ̀pá irin máa ń tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú àwọn tó ti pẹ́, ẹ ó rí ìbọ̀ irin tí wọ́n fi bo oríkèé níbi tí ọ̀pá méjì ti pàdé, idẹ tó yọ́ ló sì di ìbọ̀ náà mọ́ ọ̀pá. Bí àwọn Raleigh àtijọ́ tó ń wá láti Nottingham ṣe rí nìyẹn. Ọ̀pá alumíníọ̀mù máa ń sanra, ojú ibi tí wọ́n jó a sì wú síta bí ìgbà tí èèyàn to owó ẹyọ lé ara wọn. Sísanra yẹn ní ìdí. Ìwúwo alumíníọ̀mù jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti má ṣe tẹ̀ náà jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi ṣe ọ̀pá tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti irin, kẹ̀kẹ́ náà yóò máa fì lábẹ́ ẹni tó gùn ún. Wọ́n wá mú ọ̀pá náà tóbi kí ó lè le.

Kábọ́ọ̀nù kì í ní ojú jíjó rárá. Oríkèé rẹ̀ máa ń yọ̀ wọnú ara wọn bí amọ̀ tí amọ̀kòkò fi omi pa, bí ẹ bá sì fi èékánná kàn án, á dún bí akèrègbè gbígbẹ. Titáníọ̀mù máa ń ní àwọ̀ eérú, wọn kì í sábà kùn ún lọ́dà, ó sì fúyẹ́ ju irin lọ dáadáa. Ó ṣọ̀wọ́n nínú tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí wọ́n tà á ní iye tí wọ́n ń ta alumíníọ̀mù, nítorí pé òòfà kò lẹ̀ mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ irin, ẹ wá àmì lára ọ̀pá àárín, nítorí irin kò rí bákan náà. «Hi-Ten» ni irin lásán: ọ̀pá rẹ̀ nípọn, ó wúwo, kò gbówó lórí, ó sì ń gba ìyà. «4130» ni irin tí wọ́n fi kírómù àti molibdẹ́nọ̀mù sí, tó lágbára jù, tí wọ́n sì lè fi ṣe ọ̀pá fẹ́lẹ́. «Reynolds 531» ti Birmingham, tó jáde ní 1935, ní máńganíìsì àti molibdẹ́nọ̀mù nínú. Ẹ rántí 531 yìí, torí idẹ ni wọ́n ṣe é fún. Iná wẹ́dà tààrà máa ń mú kó gan, kó sì máa fọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń bàjẹ́

Ẹ ti tẹ wáyà síwá sẹ́yìn rí títí tó fi já. Ẹ ò fà á ju agbára rẹ̀ lọ. Títẹ̀ léraléra ló mú un rẹ̀. Bí kòtò ojú ọ̀nà ṣe ń ṣe férémù nìyẹn, díẹ̀díẹ̀.

Irin ní ààlà kan. Bí títẹ̀ náà bá kéré sí ààlà yẹn, irin kì í rẹ̀, ì báà jẹ́ ìgbà mílíọ̀nù kan ló tẹ̀. Ó ń gbàgbé àwọn kòtò kéékèèké. Alumíníọ̀mù kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀; gbogbo kòtò ló ń kà, ńlá àti kékeré, iye tó lè kà kó tó sán sì ní òpin. Ẹni tó bá ṣe férémù alumíníọ̀mù dáadáa á mú un nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí òpin yẹn yóò fi jìnnà réré. Ṣùgbọ́n òpin wà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ tó kù síbí, kí ó má bàa dà bíi pé irin ló ń borí nígbà gbogbo. Ní 1997, ìwé ìròyìn Tour ti Jámánì gbé férémù méjìlá olówó ńlá sórí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ wọ́n léraléra bí ìgbà tí ènìyàn ń fi gbogbo agbára wa pẹ́dàlì. Mẹ́ta péré ni kò dá: alumíníọ̀mù méjì àti kábọ́ọ̀nù kan. Gbogbo irin àti titáníọ̀mù tó wà níbẹ̀ ló dá. Irin tí wọ́n bá fá kó fúyẹ́ jù lè kú ṣáájú alumíníọ̀mù tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ṣe férémù ń bá ohun tí wọ́n fi ṣe é du ipò. Ẹ̀rọ náà kò kàn dán ohun tó ṣe pàtàkì jù fún wa wò: ohun tó kàn lẹ́yìn tí férémù bá ti sán.

Ọ̀tá irin gan-an ni ìpẹtà, inú ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi òjò á gba ẹnu ọ̀pá ìjókòó wọlé, á sọ̀kalẹ̀ sí ilé pẹ́dàlì, á jókòó síbẹ̀. Ọ̀dà ìta á ṣì máa dán nígbà tí inú bá ti ń di iyẹ̀pẹ̀. Ohun tó dára lára irin ni pé ó máa ń kìlọ̀: á tẹ̀ kó tó dá, á máa dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀, kẹ̀kẹ́ á máa fì lábẹ́ yín, ọ̀dà á wú, omi ìpẹtà á sì ṣàn jáde. Alumíníọ̀mù máa ń kìlọ̀ ní ráńpẹ́: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, lẹ́yìn náà ó lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ péré ló kù.

Kábọ́ọ̀nù ní ìwà tirẹ̀. Kì í dípẹtà, gígùn lójoojúmọ́ kì í sì í tètè mú un rẹ̀. Okùn tín-ín-tìn-ín tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀mù (gọ́ọ̀mù líle) dì papọ̀ ni, ó sì le gan-an níhà ibi tí wọ́n ṣe é láti gbé ẹrù. Àmọ́ kò fẹ́ kí nǹkan gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fẹ́ kí bóòtù fún un lọ́rùn. Òkúta kan lè gbá a, kí ojú ìta máa dán, kí àwọn ìpele inú sì ti ya kúrò lára wọn. Titáníọ̀mù kì í dípẹtà, ó ní ààlà bíi ti irin, bó bá sì sán, ojú jíjó tí wọn kò ṣe dáadáa ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bó bá jẹ́ irin, àti ní gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú tàbí tí ọkọ̀ bá gbá a.

Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Ìdọ̀tí ló ń bo ojú ìsán, ìdọ̀tí kan náà ló sì ń tú u fó, nítorí pé ìlà dúdú á máa padà wá sójú kan náà lẹ́yìn fífọ̀. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè fi gbogbo ibi tó wú tàbí tó jìn hàn. Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni abẹ́ ọrùn, níbi tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti so mọ́ ọn. Bí kẹ̀kẹ́ bá fi iwájú gbá nǹkan rí, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń wú tàbí ṣẹ́ jọ. Lẹ́yìn náà, òkè ọ̀pá àárín níbi tí bóòtù ti ń fún ọ̀pá ìjókòó, gbogbo àyíká ilé pẹ́dàlì, ibi tí wíìlì ẹ̀yìn ti ń wọlé, àti àyíká ihò tí wọ́n ń so ohun ìgbé ìgò omi mọ́. Ẹ fi òwú rírọ̀ nù ún lọ nù ún bọ̀. Bí ojú ìsán bá wà, á fa òwú.

Bí ẹ bá rí ìlà tí ẹ ò mọ̀ bóyá ọ̀dà ló ya tàbí irin ló sán, kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé á sọ fún yín. Ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò. Ẹ fi kẹrosíìnì ra ojú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan kó wọ inú. Ẹ nù ún gbẹ pátápátá, kí ẹ wá lọ ṣọ́ọ̀kì funfun kúnná, kí ẹ fi pa á. Ẹ dúró díẹ̀. Bí irin bá ti sán, kẹrosíìnì tó fara pa mọ́ sínú á máa yọ jáde, á sì ya ìlà sára funfun ṣọ́ọ̀kì náà. Ọ̀nà yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ irin, ó dára fún irin àti alumíníọ̀mù. Ẹ má lò ó fún kábọ́ọ̀nù.

Fún kábọ́ọ̀nù, ẹ mú owó ẹyọ, kí ẹ máa fi kàn án jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá dé òpin. Ibi tó dára á dún ganran. Níbi tí ìpele inú bá ti ya, ohùn á kú, á dún bí ìgbà tí èèyàn kan páálí. Ẹ fi ibi kan náà lára ọ̀pá kejì wéra, torí pé sísanra ọ̀pá náà máa ń yí ohùn padà. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Bó bá rọ̀, ó ti tán nìyẹn, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá férémù ti wọ́, ẹ yọ wíìlì ẹ̀yìn. Ẹ so òwú mọ́ ibi tí wíìlì ti ń wọlé lápá ọ̀tún, ẹ fà á gba iwájú ọrùn yí ká, ẹ mú un padà wá so mọ́ apá òsì, kó le dan-in. Ẹ wá fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín òwú àti ọ̀pá àárín lápá méjèèjì. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ̀yìn férémù tọ́. Bí ìyàtọ̀ bá ju mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, ó ti wọ́ sápá kan.

Ìgbésẹ̀ 4: Àtúnṣe

Irin

Irin ni mo máa fi àkókò mi sí jù, nítorí òun ni ẹ lè tún ṣe ní ìlú yòówù tí ẹ bá wà.

Bí ọ̀pá bá kàn jìn wọlé díẹ̀, tí kò ní igun mímú, tí kò sì sán, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Bí ẹ̀yìn férémù bá wọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè tẹ̀ ẹ́ padà ní tútù láìlo iná, díẹ̀díẹ̀, kó máa fi òwú wọ̀n ọ́n lẹ́yìn títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n fi ń fẹ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ láti 126 sí 130 mìlímítà kí wíìlì ìgbàlódé lè wọ̀ ọ́. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú alumíníọ̀mù tàbí kábọ́ọ̀nù láé.

Bó bá sán, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni irú iná tí wọ́n máa fi jó o. Iná mànàmáná tí wẹ́dà fi ń jó géètì àti wíńdò ti lágbára jù fún ọ̀pá kẹ̀kẹ́. Ọ̀pá irin tó dára lè má nípọn ju 0.9 mìlímítà létí lọ, kó sì jẹ́ 0.6 péré láàárín. Ọ̀pá ìjórin géètì á lu ihò sí i, á sì mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan. Ẹ wá ẹni tó ń lo gáàsì, tó ní ọ̀pá idẹ àti búràsì, àtíkè tó ń fọ ojú irin nígbà tí idẹ bá ń yọ́. Idẹ ń yọ́ ní nǹkan bí 900°C; irin fúnra rẹ̀ kì í yọ́ títí dé nǹkan bí 1,500°C. Ọ̀pá náà á pọ́n ṣùgbọ́n kò ní yọ́, idẹ nìkan ló máa ṣàn wọ inú àlàfo bí epo.

Kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, ẹ tú gbogbo nǹkan kúrò: wíìlì, bẹ́ẹ̀rínì, wáyà bíréèkì, gbogbo ohun tó jẹ́ ike. Ẹ nu gíríìsì inú rẹ̀. Ẹ ha ọ̀dà kúrò ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta yí ojú ìsán ká títí irin á fi máa dán. Bí wọ́n bá ti fi kírómù tàbí síńkì bò ó, ẹ ha èyí náà kúrò, nítorí èéfín rẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá. Ẹ lu ihò kékeré kan, bíi mìlímítà mẹ́ta, sí ìparí ìlà ìsán náà gan-an lápá méjèèjì. Òun ni kò ní jẹ́ kó máa rìn lọ. Bí ìsán náà bá gùn, ẹ ní kí wọ́n gé irin pẹlẹbẹ kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bá ara ọ̀pá mu, kí etí rẹ̀ méjèèjì mú ṣóńṣó bí ewé, kí wọ́n sì fi idẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Etí ṣóńṣó yẹn ló ń pín ẹrù. Bí wọ́n bá gé e gbágbáágbá bí pátákó, eteetí rẹ̀ ni ìsán tuntun ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń fi gáàsì jórin ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ ohun tó kàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kan tán, mo sì na ọwọ́ sí kòróbá omi. «Bàbá, ṣé kí n bá yín da omi sí i?» Ó yára dá mi lọ́wọ́ kọ́: «Rárá o, ọmọ mi. Fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Bí o bá da omi sí i, o ti sọ ọ́ di àwo nìyẹn.» Òótọ́ ni. Irin tó pọ́n tí wọ́n fi omi pa lójijì á le, á sì máa fọ́ bí àwo. Bí oníṣẹ́ yín bá ti sún mọ́ kòróbá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó mú sùúrù.

Bó bá ti tutù, ẹ fi omi gbígbóná fọ búràsì tó ṣẹ́kù dànù, torí ó ń fa ìpẹtà. Ẹ fi sáńpépà dán an, ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ àti ọ̀dà gidi, kí ẹ sì da epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú ọ̀pá, kí ẹ yí férémù síwá sẹ́yìn kó lè kan gbogbo inú.

Alumíníọ̀mù

Ìdí tí kẹ̀kẹ́ mi fi dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó nìyí. Alumíníọ̀mù tí wọ́n sábà ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní 6061, kò lágbára tó lásán. Iná ni wọ́n fi ń fún un lágbára. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ bá ti jó gbogbo férémù pọ̀ tán, wọ́n á gbé e sínú ààrò ní nǹkan bí 530°C, wọ́n á tì í bọ omi lójijì, wọ́n á tún gbé e padà sínú ààrò tó tutù díẹ̀, ní nǹkan bí 170°C, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìgbà yẹn ló tó di férémù. Wẹ́dà tó bá wá jó o lẹ́yìn náà ti yí iṣẹ́ ààrò padà ní gbogbo ibi tí ooru náà dé. Ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó á pàdánù tó ìdajì agbára rẹ̀. Ojú jíjó fúnra rẹ̀ nípọn, kò ní dá. Ẹ̀gbẹ́ tó rọ̀ ló máa dá, bí tèmi ṣe dá.

Wẹ́dà náà kò ṣe iṣẹ́ burúkú. Iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe láìsí ààrò ni mo gbé fún un. Alumíníọ̀mù tún ń tan oníṣẹ́ jẹ: ooru tí kò ju 660°C lọ ló fi ń yọ́, kì í sì í pọ́n kó tó yọ́. Ẹ ó máa wò ó pé kò tíì gbóná, lójijì ihò á là. Irú kan wà, 7005, tó lè gba agbára rẹ̀ padà láìsí bíbọ omi, àmọ́ òun náà nílò ààrò tí ooru rẹ̀ ṣeé ṣàkóso, ọ̀dà ara férémù kì í sì í sọ èyí tó jẹ́.

Nítorí náà, bí ọ̀pá alumíníọ̀mù bá sán, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ tú àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lò, kí ẹ ta férémù fún àwọn tó ń ra alumíníọ̀mù láti yọ́ ìkòkò. Èyí kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ti fi èjìká mi san owó ẹ̀kọ́ yẹn.

Ohun tó ṣeé tún ṣe lára rẹ̀ ṣì wà. Etí kékeré tó gbé ẹ̀rọ jíà dání lẹ́yìn, bóòtù ni wọ́n fi ń dè é mọ́ ọ̀pọ̀ férémù alumíníọ̀mù. Wọ́n dìídì ṣe é kó tẹ̀ dípò férémù, ẹ ra òmíràn. Ihò bóòtù tí ojú rẹ̀ ti jẹ ṣeé fẹ̀, kí wọ́n sì yí irin onílà tuntun sínú rẹ̀.

Ọ̀pá ìjókòó tó há

Mo fún un ní àkòrí tirẹ̀ nítorí ó ń pa férémù tí kò ṣàìsàn kankan. Bí ọ̀pá ìjókòó alumíníọ̀mù bá jókòó pẹ́ nínú férémù irin, tí omi wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì á máa jẹ ara wọn, ìpẹtà funfun á kún àlàfo, ọ̀pá náà ò sì ní jáde mọ́. Ẹ kọ́kọ́ da epo tó ń wọ inú sí i, kí ẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa fi òòlù onígi kàn án. Ẹ yí ìjókòó sọ́tùn-ún sósì, ẹ má fà á sókè tààrà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, tí férémù sì jẹ́ irin nìkan, sódà líle tí àwọn aṣọṣẹ ń lò lè jẹ alumíníọ̀mù dànù láìfọwọ́ kan irin. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ohun ìbojú, kí iná má sì sí nítòsí, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń gbiná. Inú omi ni kí ẹ máa da sódà sí, ẹ má da omi sórí sódà. Bí férémù bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ má gbé e súnmọ́ sódà rárá. Férémù náà ló máa jẹ.

Kábọ́ọ̀nù

Ọ̀pọ̀ ló rò pé kábọ́ọ̀nù tó bá ti fọ́ ti di ìdọ̀tí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè tún un ṣe kó lágbára bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó máa ń ha ibi tó bàjẹ́ títí dé ibi tí ìpele inú ti dára, kó dagun díẹ̀díẹ̀ bí etí àwo, kó wá fi aṣọ kábọ́ọ̀nù tuntun àti lẹ́ẹ̀mù tò ó padà ní ìpele ìpele, kí okùn rẹ̀ kọjú síbi tí ti àkọ́kọ́ kọjú sí, kó sì fún un títí yóò fi gbẹ. Calfee Design ní California wà lára àwọn tí iṣẹ́ yìí sọ di olókìkí. Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Houston, ẹ ó rí irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí. Bí ẹ bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ kábọ́ọ̀nù ránṣẹ́ sí ará ilé, ẹ tún un ṣe lọ́hùn-ún kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò fi gọ́ọ̀mù ọkọ̀ àti ọ̀dà bò ó fún yín. Ojú nìkan nìyẹn máa bò.

Ẹni tó bá ń ha kábọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ bo imú. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá.

Titáníọ̀mù àti ọparun

Titáníọ̀mù ṣeé jó, ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ lásán á wọ inú rẹ̀, á sì mú kó máa fọ́. Gáàsì ágọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ bo ìta ọ̀pá, kó sì kún inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí oníṣẹ́ kò bá mẹ́nu kan inú ọ̀pá, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín kúrò níbẹ̀.

Ọparun kì í ṣe eré. Craig Calfee, ẹni tó dá Calfee Design sílẹ̀, ṣe kẹ̀kẹ́ ọparun ní àárín àwọn ọdún 1990, ó sì bá àwọn oníṣẹ́ ní Gánà ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀. Lónìí, àwọn tó ń ṣe é wà ní Kumasi. Okùn tí wọ́n rì sínú lẹ́ẹ̀mù ni wọ́n fi ń we oríkèé rẹ̀. Bí oríkèé kan bá tú, ẹ lè ha á, kí ẹ tún un wé. Ọ̀pá tó bá là ṣeé gé kúrò, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọparun gbọ́dọ̀ ti gbẹ pátápátá kí wọ́n tó lò ó, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa fi fáníìṣì bò ó kí omi má wọlé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìtọ́jú

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ yọ ọ̀pá ìjókòó, ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì pa á, ẹ dá a padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ẹ má lo gíríìsì. Ọ̀rá oníyanrìn kan wà tí wọ́n ṣe fún un, tó ń jẹ́ kí ó dúró láìjẹ́ pé ẹ fún bóòtù pa. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù, irú bíi 5 Nm (ìwọ̀n bí bóòtù ṣe gbọ́dọ̀ fún tó), òfin ni fún kábọ́ọ̀nù. Ẹ wá sípánà tó ń wọn fífún.

Lẹ́yìn ìgbà òjò, ẹ dojú férémù irin dé kí omi inú rẹ̀ jáde. Ẹ wá ihò kékeré abẹ́ ilé pẹ́dàlì, kí ẹ fi wáyà la ẹnu rẹ̀. Ẹrẹ̀ ló máa ń dí i. Ẹ̀yin tó ń gbé nítòsí òkun, ní Èkó tàbí Kútọnu, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń yára iṣẹ́ ìpẹtà, ẹ máa fi omi tútù fọ kẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ sì tún ọ̀dà tó bá bó kùn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ẹ bá fẹ́ rà

Fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, tó ń di ẹrù mọ́ ọn, tó sì wà ní ìlú tí oníṣẹ́ gáàsì pọ̀ sí, irin 4130 ni mo máa rà, Hi-Ten ni mo sì máa rà tẹ̀ lé e bí owó kò bá tó. Mo máa ra alumíníọ̀mù tuntun fún ẹni tó fẹ́ kó fúyẹ́, tó sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Alumíníọ̀mù tòkunbọ̀ tí mi ò mọ iye ọdún tí wọ́n ti gùn ún, mo máa ń bẹ̀rù rẹ̀, nítorí mi ò mọ iye kòtò tó ti kà. Kábọ́ọ̀nù tòkunbọ̀ láìsí ìtàn rẹ̀, mi ò ní rà á fún ọmọ mi.

Lójú ọjà, ẹ mú òòfà dání, tọ́ọ̀ṣì, sípánà kan àti òwú. Kí ẹ tó dúnàá-dúrà, ẹ ní kí ẹ tú bóòtù ìjókòó, kí ẹ sì fa ọ̀pá náà jáde. Bó bá jáde, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀pá àárín, kí ẹ wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí kò bá jáde, tí ẹni tó ń tà á sì ní kí ẹ má dààmú, pé kò ṣe nǹkan, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ lọ wo kẹ̀kẹ́ mìíràn.